Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ Yorùbá: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kọ́kọ́ Kàwé ní Èdè Tó Gbọ́

Ẹ̀yin Ọlọ́lá Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ kú akitiyan lórí ọmọ ọlọ́mọ. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ kéékèèké ni mo sì ń kọ́ láti ọjọ́ yìí. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba kí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lè bá wa kà á, nítorí ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kan gbogbo wa. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ pàṣẹ pé gbogbo ọmọ tó bá wọ pírámárì kìíní ní ilẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ Yorùbá kà, kó mọ̀ ọ́n kọ pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí a tó máa retí pé kó ka Gẹ̀ẹ́sì.

Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ léraléra pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn, tí kò sì lè ṣe ìṣirò tó rọrùn. Ẹ lè rò pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ kíláàsì pírámárì kejì èyíkéyìí tó bá súnmọ́ ọ́fíìsì yín, kí ẹ ní kí ọmọ kan dìde kó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Yóò dìde, yóò fi ìka sí ojú ìwé, yóò sì ka ojú ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì kọsẹ̀. Inú yín yóò dùn. Ẹ wá fi ọwọ́ bo àwòrán, kí ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ní àárín ojú ewé yẹn, kí ẹ ní kó pe ìyẹn nìkan. Yóò dákẹ́. Yóò máa wo ojú yín. Lẹ́yìn náà yóò padà sí ìlà àkọ́kọ́, yóò máa kà á bọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ahọ́n títí yóò fi rò pé òun ti dé ibi tí ẹ tọ́ka sí. Tí ẹ bá wo ìka rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ìlà kẹta ni ìka wà, ìlà karùn-ún ni ẹnu wà.

Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo o. Ọmọ tó há odidi ojú ewé kan sórí ní èdè tí kò gbọ́, ọpọlọ rẹ̀ pé ju ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà ni. Àkọ́sórí la kọ́ ọ, òun náà sì ṣe é bí a ṣe fẹ́. Tó bá dé pírámárì kẹrin, tí ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ bá dé, tí ojú ewé ti pọ̀ ju ohun tí orí lè há lọ, ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú. Òbí á ní ọmọ ti ya ọ̀lẹ, olùkọ́ á ní kò fọkàn sí i. Ọmọ fúnra rẹ̀ á gbà pé orí òun kò gbé ìwé, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ọ̀rọ̀ èdè ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Kò pé ọdún mẹ́ta, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn agbègbè tí èdè abínibí ti gbilẹ̀ nínú ìkọ́ni ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Mo bọ̀wọ̀ fún ipò wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí yẹn kò tó láti fi dá ẹjọ́. Ilé-ìwé tí kò ní olùkọ́ tó pé, tí ọmọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ìwé kan kò kan ọmọ mẹ́wàá, èdè yòówù kí wọ́n fi kọ́ni níbẹ̀, kí ni a fẹ́ retí?

Bó bá jẹ́ ẹ̀rí la fẹ́, ó wà nílẹ̀ wa níbí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gba àwọn ọmọ pírámárì kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A' tó wà ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àjọ Ford Foundation ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé owó kalẹ̀. Wọ́n jókòó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì àti ti ìṣirò ní Yorùbá, wọ́n wá orúkọ fún ohun tí kò lórúkọ. Wọn kò sì yọ Gẹ̀ẹ́sì sọnù: olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń kọ́ wọn, bí èèyàn ṣe ń kọ́ èdè kejì. Wọ́n yan kíláàsì mìíràn láti fi díwọ̀n, àwọn yẹn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, àwọn tó fi Yorùbá ṣe é dópin ló ta yọ nínú iṣẹ́ kíláàsì, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Gbogbo ayé ń tọ́ka sí iṣẹ́ yẹn, àwa tí a ni ín ló gbé e sínú àká.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ bá ìjọba àpapọ̀ wọ ìjà. Ohun tí wọ́n kéde dá lórí èdè tí a fi ń kọ́ni. Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ṣì wà lórí táìmù-tébù. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Èkó sì ní òfin láti ọdún 2018 tó sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé. Àyè tó kù fún yín tóbi. Báwo la ṣe ń lo àkókò Yorùbá yẹn báyìí? Àṣà ìkíni, ẹ̀yà ara, oríṣiríṣi oúnjẹ, òwe mẹ́ta kí aago tó lù. Àwọn nǹkan yẹn dára, mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ọmọ máa ń kọ́ púpọ̀ nínú wọn nílé. Ìwé kíkà gan-an, tí àkókò yẹn yẹ ká fi kọ́, kò sẹ́ni tó ń fi í kọ́ ọ.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rọrùn tó. Álífábẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ lẹ́tà 25. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lẹ́tà kan, ìró kan ni. Sílébù wa kò ju fáwẹ́lì nìkan, kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ́lì, tàbí n àti m tó dá dúró. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í rọ́ lu ara wọn. Ọmọ tó bá ti mọ ìró lẹ́tà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀, tó sì mọ ohùn mẹ́ta (dò ti ìsàlẹ̀, re ti àárín, mí ti òkè), kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní lè pè, ì báà má tíì rí i rí. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá àgbà tí kò ní ju ABD ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi lọ fi ń ka Bíbélì Yorùbá láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, Philip Seymour ti Yunifásítì Dundee àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù tó parí ọdún àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Àwọn ọmọ Finland, Gíríìsì àti Ítálì ń ka ọ̀rọ̀ bíi 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 láì ṣì. Àwọn ọmọ Scotland tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí wọn sí nínú, ń ka 34. Ohun tó jọ èdè tiwa ni Finland ń kà, bí a ṣe ń pè é la ṣe ń kọ ọ́. Ṣé ẹ wá rí ohun tí a ń gbé ka ọmọ Ìsẹ́yìn lórí, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé rárá?

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ohun tó yẹ kí a ṣe pẹ̀lú ọmọ ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ náà ni a ti ń ṣì í.

Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kò tíì nílò pẹ́ńsù. Mo ti rí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ní kó kọ 1 dé 50. Ìyá rẹ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ ọ́, ọmọ ń sunkún. Eegun ọwọ́ ọmọ yẹn kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó nílò ni amọ̀ tó máa fọwọ́ pò, ẹ̀pà tó máa bó, ọmọ ayò tó máa fi ìka méjì ṣà sínú ihò (kí àgbàlagbà ṣáà wà nítòsí, kó má lọ gbé e mì). Yanrìn àgbàlá tó láti fi ìka ya ìlà. Iṣẹ́ gidi tó wà fún ọjọ́ orí yìí, ẹnu àti etí ni. Ọmọ tó máa kàwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ṣeé gé sí wẹ́wẹ́, pé ìró kan náà lè wà nínú ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn baba wa ti ṣe ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré pe “Mo ra dòdò ní Ìdó, mo jẹ dòdò ní Ìdó” láì ṣi ọ̀rọ̀ pè, ìró d ni ó ń kọ́, ó ń kọ́ ìró o, ó sì ń kọ́ ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Àlọ́ àpagbè ń kọ́ ọ ní bí ìtàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí. Ilé jẹ́lé-ó-sinmi tó bá pa gbogbo èyí tì, tó ń fi “A for apple” kun ọmọ létí látàárọ̀ dalẹ́, owó òbí ló ń jẹ.

Orúkọ ọmọ ni kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò kà. Mo máa ń kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sórí páálí, màá sì jẹ́ kí wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ nípa bí orúkọ wọn ṣe ń dún. Bọ́lá, Wálé àti Tọ́pẹ́ a dúró pọ̀, mí mí ni gbogbo wọn. Dàpọ̀ dá dúró, dò dò. Kẹ́mi á lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ́ mí re. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n máa ń jiyàn, wọ́n á ní kí ẹnì kan tún orúkọ rẹ̀ pè. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ló ń ṣe èyí o, ohun kan náà tí àwọn tó gba ìwé-ẹ̀rí ń sọ pé ó le jù láti kọ́.

Tí wọ́n bá dé pírámárì kìíní, ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, àkókò tó fún iṣẹ́ gidi. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìwé tó wà lọ́jà nìyí: ẹ má ṣe jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti a dé y. Kíké ABD lórin kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di òǹkàwé. Ẹ jẹ́ kí a mú lẹ́tà díẹ̀ tó lè tètè bí ọ̀rọ̀. B, m àti l, pẹ̀lú a, i, o àti u, lẹ́tà méje péré ni, ọmọ á sì ti lè ka “Màmá mu omi. Bàbá lu ìlù.” Gbólóhùn gidi nìyẹn, tó ní ìtumọ̀, tó mọ ohun tó ń sọ. A máa ń kà á pẹ̀lú ara wa: ọwọ́ lórí orúnkún fún dò, ọwọ́ ní àyà fún re, ọwọ́ lórí fún mí. Tí kíláàsì bá ń ka “Bàbá lu ìlù”, ọwọ́ gbogbo wọn á lọ sí orúnkún, á gòkè dé orí, á wá sí àyà, á tún bọ́ sí orúnkún lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó bá ṣì í, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí i, kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀. Kí a máa fi lẹ́tà kún un díẹ̀díẹ̀, kí gb àti fáwẹ́lì aránmúpè wá lẹ́yìn, kí kíkọ máa bá kíkà rìn. Ohun tí ọmọ bá kà lónìí ni kó kọ lónìí, lórí sìléètì tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kó tó dé inú ìwé onílà.

Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ gbólóhùn tirẹ̀, yóò ṣì í. Ọmọ máa ń kọ “àgàdo” nígbà tó fẹ́ kọ “àgbàdo”. Ẹ jọ̀ọ́, kí pàṣán má bá a. Ọmọ yẹn ti gbọ́ sílébù mẹ́ta, ó sì mọ̀ pé fáwẹ́lì àkọ́kọ́ dá dúró. Kí olùkọ́ ní kó pè é, kó fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀ nígbà tó bá dé gbà. Ètè rẹ̀ á pàdé. Òun fúnra rẹ̀ á mú ṣọ́ọ̀kì, á fi b sí i.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá pé kí a yọ àmì kúrò fún àwọn ọmọdé, pé yóò dà wọ́n lórí rú. Ẹ wo ohun tí àwọn ààfáà ń ṣe ní ilé-kéwú. Ọmọ á kọ́kọ́ mọ lẹ́tà orí wàláà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ́ ọ ní àmì tó ń wà lókè àti èyí tó ń wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, tó ń sọ fáwẹ́lì tí yóò pè. Ìgbà tó bá mọ èyí tán ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí so ó pọ̀. Ìwé ìròyìn àwọn Lárúbáwá kì í sábà ní àwọn àmì wọ̀nyẹn, torí àgbàlagbà tó gbọ́ èdè náà lè fojú ìtumọ̀ kà á. Ṣùgbọ́n kò sí ààfáà kan tó máa fi Kùránì tí kò ní àmì lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ló nílò àmì jù. Àgbàlagbà lè máa kọ Yorùbá láì lámì sórí fóònù, ìyẹn dọwọ́ rẹ̀, àmọ́ ìwé ọmọ pírámárì kìíní tí kò bá ní àmì, ìdajì ọ̀rọ̀ la kọ sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan náà tó ń lọ sí kéwú nírọ̀lẹ́ ni a ń sọ pé àmì á dà lórí rú ní àárọ̀!

Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Kí wọ́n máa sọ ọ́ láti pírámárì kìíní, nínú orin, nínú eré, nínú ìtàn tí olùkọ́ ń sọ. Kíkà rẹ̀ ló yẹ kó dúró di ìparí pírámárì kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹta. Nígbà yẹn, ọmọ kò tún ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé mọ́, ó ti mọ̀ ọ́n. Á mọ̀ pé àmì orí ìwé dúró fún ìró, pé òsì la ti ń lọ sí ọ̀tún, pé ohun tí a bá kà gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ti mọ̀ á ṣiṣẹ́ fún un. Kí olùkọ́ jókòó tì í lórí àwọn tó yàtọ̀: c, q, v, x àti z tí kò sí lọ́dọ̀ wa, p tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè lọ́nà tirẹ̀, ṣ tó di lẹ́tà méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó wá bá a wọ igbó àwọn ọ̀rọ̀ tí bí a ṣe kọ wọ́n kò bá bí a ṣe ń pè wọ́n mu.

Àwọn ilé-ìwé aládàáni ti ń kọ “phonics and diction” sí ẹnu ọ̀nà báyìí, òbí sì ń sáré lọ síbẹ̀. Ọ̀nà yẹn, kí a fi ìró kọ́ lẹ́tà, dára. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló gbé e lárugẹ lẹ́yìn ìròyìn tí Jim Rose kọ fún ìjọba wọn lórí ìkọ́ni ní ìwé kíkà ní ọdún 2006, láti ọdún 2012 ni wọ́n sì ti ń dán gbogbo ọmọ bí ọdún mẹ́fà wò lórí rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ wa ń lo ọ̀nà tó dára náà lórí èdè tí ìró rẹ̀ ṣòro fún un jù, nígbà tí èdè tó wà lẹ́nu rẹ̀, tí ọ̀nà náà bá mu wẹ́kú, wà níta ọgbà, tí wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá sọ ọ́.

Àwọn tó ti dàgbà ńkọ́? Àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá tí wọ́n wà ní pírámárì kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, tí kò mọ ìwé kà? Ọkàn mi kì í kúrò lára wọn. A kò lè dá wọn padà sí pírámárì kìíní kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àjọ kan tó ń jẹ́ Pratham ní Íńdíà ti fi ọ̀nà àbáyọ hàn, tí wọ́n ń pè ní Teaching at the Right Level. Olùkọ́ á pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dán an wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀: ṣé ó mọ lẹ́tà? Ṣé ó lè ka ọ̀rọ̀? Ṣé ó lè ka ìpínrọ̀ kan? Ṣé ó lè ka ìtàn? Fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́, wọ́n á kó ọmọ jọ gẹ́gẹ́ bí ohun tó mọ̀, láì wo kíláàsì tó wà. Ọ̀nà yìí ti dé Nàìjíríà, wọ́n ti lò ó ní Kánò àti Borno. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti gbọ́ Yorùbá dunjú máa ń tètè mọ ọ̀nà tí a bá fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin pírámárì karùn-ún kan tó ka orúkọ àdúgbò rẹ̀ lára bọ́ọ̀sì fún ìgbà àkọ́kọ́, tó dúró sójú kan, tó tún un kà sókè, tó wá yíjú wò mí bóyá mo gbọ́. Kó tó parí sáà yẹn, kò tún jókòó sẹ́yìn kíláàsì mọ́.

Àwọn tó ti mọ ìwé kà ní ọjọ́ orí yẹn, ohun tí wọ́n nílò ni ìwé. Ìtàn, ìròyìn, ìwé nípa ẹranko àti ìràwọ̀, ìwé tó ń dáni lẹ́rìn-ín. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà wọn, kí wọ́n tún un kọ títí yóò fi gún. Ìwé Yorùbá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan lọ́jà, àìtó rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí owó ìjọba lè tètè yanjú. Àwọn òǹkọ̀wé ń bẹ, àwọn ayàwòrán ń bẹ, àwọn ẹlẹ́rọ ìtẹ̀wé Mọ́kọ́lá àti Ṣómólú ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì wa kọ́ ni Yorùbá. Ọmọ Ègùn wà ní Badagry, ọmọ Ìjọ́ wà ní Àrògbò, ọmọ Haúsá àti Ìgbò wà káàkiri. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tàbí pijin ni wọ́n ń bá wọn sọ nílé, bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Yorùbá. Ibi tí èdè mìíràn bá ti pọ̀ jù, kí wọ́n fi èdè ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni bó ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́ wa. Ọmọ tó ń sọ ẹ̀ka èdè Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú náà wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ má sọ fún un pé ohun tó ń sọ nílé kò dára, kó fi hàn án bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé.

Òkúta tó wà lọ́nà jù ni àwa olùkọ́. Ọ̀pọ̀ wa kò lè fi àmì sórí orúkọ ara wa. Wọn kò kọ́ wa ni. A jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn kan tó láti tún èyí ṣe bí ẹ bá pè wá jọ, tí ẹ sì rán àwọn olùbẹ̀wò wá sí kíláàsì lẹ́yìn náà láti jókòó tì wá kí wọ́n sì bá wa ṣe é, dípò kí wọ́n kàn wá yẹ ìwé àkọsílẹ̀ wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin Ọlọ́lá, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí ẹ fún ìwé kíkà Yorùbá ní àkókò kan lójoojúmọ́ ní pírámárì kìíní àti ìkejì, ní àárọ̀ tí ojú ọmọ ṣì mọ́lẹ̀. Kí ẹ tẹ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kan tó ní àmì ohùn, tó to lẹ́tà bí ọ̀rọ̀ ṣe lè tètè jáde, kí ẹ̀dà kan sì kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè jọ tẹ̀ ẹ́ kí owó rẹ̀ má wọ́n, ẹ sì ní DAWN Commission, àjọ ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ ní, ní Ìbàdàn níbí tó lè kó yín jọ. Kí ẹ fòfin de iṣẹ́ ìkọ̀wé àṣetiléwá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ní ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Kí ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ pírámárì kẹrin sí ìkẹfà tí kò mọ ìwé kà. Kí ẹ sì máa dán ọmọ wò ní ìparí pírámárì kejì, lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú ewé tí wọn kò tíì rí rí, kí a lè mọ ẹni tó ń kàwé yàtọ̀ sí ẹni tó há a sórí.

Oṣù Kẹsàn-án ni sáà tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé àṣẹ bá jáde lọ́dọ̀ yín kí oṣù Keje tó parí, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé á rí àyè tún táìmù-tébù wọn tò, àwọn olùkọ́ á sì rí oṣù Kẹjọ fi gba ẹ̀kọ́. Kíláàsì èyíkéyìí tí ẹ bá yàn ní Ìbàdàn, mo ṣetán láti wá kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ lójú yín, kí ẹ sì bi mí ní ìbéèrè tó bá wù yín.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn